Pèpéle Pákó Lẹ́yìnkùlé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó Fẹ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kàn án

Ìwé yìí wà fún ará ilé tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Yábàá, Èbúté Mẹ́ta, Ṣómólú tàbí ibòmíì nílùú Èkó, tó sì fẹ́ kan pèpéle pákó tí tọmọdé tàgbà ilé yóò máa jókòó sí nírọ̀lẹ́. Ẹni tí kò kan nǹkan kan rí lè ṣe é, bí ó bá ti mọ̀ pé láti abẹ́ ni pèpéle ti ń bàjẹ́. Omi àti ikán ni ọ̀tá. Igi tó bá fara kan erùpẹ̀ ní Èkó kì í pẹ́ rárá.

Kí ẹ tó ra ìṣó kan ṣoṣo, ẹ wá ibi tí sọ́kàwéè wà, kí ẹ sì mọ ibi tí páìpù ilé gbà. Ẹ má kan pákó bo ojú sọ́kàwéè. Ọjọ́ tó bá kún, tí ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin dé, ẹ̀yin náà lẹ óò tú u. Ẹ má dí gọ́tà. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu onílé.

Ìpìlẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Àwọn fídíò ìlú òtútù tí a ń wò lórí YouTube máa ń ní kí a gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ pèpéle jìn gan-an, nítorí ilẹ̀ wọn máa ń dì, á sì ti ẹsẹ̀ náà sókè. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ rírọ̀ ni ìṣòro tiwa, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi yanrìn kún àbàtà. Ẹ gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ihò bá ṣì ń rì, ẹ wà á títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle.

Ká ní pèpéle yín gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10. Ìwọ̀n yìí ni mo fara mọ́, torí pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 ló wọ́pọ̀ lọ́jà, ẹ kò ní ṣe àlẹ̀mọ́. Ẹ kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wọn ọ́n láti igun dé igun ní ìdábùú. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, igun kò tíì tọ́. Ẹsẹ̀ 12 ló máa gbé e: ìlà mẹ́ta, mẹ́rin nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Garawa ọ̀dà 20 lítà tí ẹ ti gé ìdí rẹ̀ kúrò dára láti fi da kọnkéré: sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, gíránáìtì 4. Kí orí rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀ ní ínǹṣì 6 ó kéré tán. Ẹ ri bóòtù sí i kí ó tó gan, kí ẹ sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7.

Láti mọ̀ bóyá orí wọn dọ́gba, ẹ ṣe bíi bíríkìlà: ẹ bu omi sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rí inú rẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí lápá kan náà ni yóò dúró sí lápá kejì, bó ti wù kí ilẹ̀ dà tó. Ẹ kọ́kọ́ lé gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, torí bí ó bá kù díẹ̀, irọ́ ni yóò máa pa fún yín.

Lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ páànù tí etí rẹ̀ yọ ní ínǹṣì 2 yíká, kí ẹ tẹ etí náà wálẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì dí ihò bóòtù. Ikán kì í rìn ní gbangba, inú ọ̀nà amọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ló ń gbà. Páànù yìí kò ní pa á, ṣùgbọ́n yóò mú kó mọ ọ̀nà rẹ̀ síbi tí ojú yín ti máa tó o.

Ní ti igi, apá tàbí ìrókò ni kí ẹ rà. Wọ́n wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àràbà àti afàrá tí wọn óò fi owó pọ́ọ́kú fà yín mọ́ra kò lè fara da òjò àti ikán. Òkóbàbá ni gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ pákó tipẹ́, àmọ́ ìjọba ti ń kó àwọn onísọ́mílù ibẹ̀ lọ sí Àgbówà, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ọkọ̀. Pákó tútù ni ẹ óò sábà bá lọ́jà. Ẹ tò ó síbi tí òjò kò dé, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn fún atẹ́gùn, kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ bo imú bí ẹ bá ń rẹ́ ìrókò, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yọ àyà lẹ́nu.

Igi 2 sí 6 (ínǹṣì 2 ní sísanra, ínǹṣì 6 ní ìbú) mẹ́ta ni yóò dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀. 2 sí 4 mẹ́wàá yóò dábùú wọn, ínǹṣì 16 síra. Lẹ́yìn náà ni pákó 1 sí 6, bí ogún. Ẹ fi ìṣó ínǹṣì 4 sáàárín pákó méjì bí ẹ bá ń kàn án, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn náà: àlàfo yẹn ni omi máa gbà. Ẹ lu ihò kí ẹ tó fi skúrù wọlé, torí apá le, yóò sì là. Skúrù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, àgàgà lápá Ìkòyí àti Erékùṣù tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń fẹ́. Ẹ fi ínǹṣì 2 sílẹ̀ láàárín pèpéle àti ògiri ilé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ́yìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun pákó. Májèlé wà nínú rẹ̀, ara àwọn ọmọ tó ń jókòó níbẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ sínú kànga. Òògùn igi tí wọ́n ń tà lágolo ni kí ẹ fi kun ún ní ẹ̀ẹ̀rùn, títí kan ojú ibi tí ẹ ti gé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi ọ̀bẹ yọ ewé tó bá há sáàárín pákó, kí ẹ sì máa tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù nígbà òjò. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ lára ẹsẹ̀ kan, ẹ fọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọpa rẹ̀ dé ibi tó ti jáde nínú ilẹ̀.