Ìgbà tó kàn mí láti darí ìjíròrò ìwé

Àwa mẹ́sàn-án la jọ ń ka ìwé ìtàn àròsọ kan lóṣooṣù, ẹni tó bá sì kàn ni yóò darí ìjíròrò. Oṣù tó kọjá ló kàn mí. Mo ti rò ó pé kí n ṣáà ka ìwé náà tán, ẹnu àwọn èèyàn á ṣe ìyókù. Mo tan ara mi jẹ ni.

Ojú-ewé 312 ni ìwé náà, orí 24. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la ní, mo bá pín in sí orí mẹ́fà-mẹ́fà. Mo ka tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì mo mú pẹ́ńsù dání, mo fàlà sí gbogbo ibi tí kò yé mi. Ìbéèrè 15 ni mo kọ sílẹ̀. Mẹ́ta la rí lò.

Ọjọ́ pé, a jókòó yí ká, mo sì fi èyí tó burú jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀: "Ṣé ẹ gbádùn ìwé náà?" Wọ́n ní àwọn gbádùn ẹ̀. Ó tán! A wá ń wo ojú ara wa.

Mo ní ká ṣí ojú-ewé 147. Ìyẹn tún dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi tẹ ti ẹnìkan, ìtàn ò tíì débẹ̀ nínú tiẹ̀. Fóònù ni ẹlòmíì fi ń ka tiẹ̀. Ẹnìkan tó jẹ́ pé ńṣe ló ń fetí gbọ́ ìwé náà ní, "Tèmi ò ní ojú-ewé o, wákàtí ló ní." A rẹ́rìn-ín títí. Látìgbà náà, orí ni mo ń dárúkọ, màá sì ka ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ náà sókè.

Bí mo ṣe ka ìpínrọ̀ orí 11 nìyẹn. Obìnrin kan gba lẹ́tà ọmọ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó paná. Ìlà mẹ́fà péré. Mo gbé ìwé sílẹ̀, ẹnìkan bá béèrè pé, "Ṣé obìnrin yìí tiẹ̀ mọ̀wé kà?"

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn kan ní kò mọ̀ ọ́n kà, ṣebí àtàǹpàkò ló fi tẹ̀wé ní orí 3. Àwọn yòókù ní ta ló wá ka orúkọ ara ilẹ̀kùn fún un ní orí 17? Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n máa sọ pé, "Níbo lẹ ti rí i? Ẹ kà á fún wa." Ìyẹn ló bá mi kápá ẹni tó máa ń dá ọ̀rọ̀ sọ láàárín wa: bó ṣe ń ṣí ìwé kiri, ẹlòmíì ń ráyè sọ tiẹ̀.

Àwọn méjì ò tíì kà á tán, a sì ti fẹnu kò pé a ò ní fọwọ́ kan òpin títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ẹnìkan ṣèèṣì sọ ọ́. Mo bẹ̀bẹ̀, a ń bá a lọ.

A ti dìde, àwọn kan ti gbé báàgì kọ́ èjìká, kí ẹni tó ń fetí gbọ́ ìwé tó sọ pé ó ya òun lẹ́nu pé à ń jà sí i. Ohùn ẹni tó ka ìwé náà nínú èyí tí òun ń gbọ́ gbọ̀n níbi ìrọ̀rí yẹn, òun ò sì fìgbà kan rò ó pé obìnrin náà ò ka lẹ́tà ọ̀hún.

"Ṣé òǹkọ̀wé ló ní kó gbọ̀n ni?"

La bá tún jókòó.