Kí Ẹ Tó Náwó Lórí Plánẹ́ẹ̀tì Gbígbóná: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi fọ́tò awò awọ̀nàjíjìn tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ó tóbi bí àgbá omi. Ó ní òun fẹ́ fi wo irin tó ti di gáàsì lára KELT-9b, plánẹ́ẹ̀tì gbígbóná kan tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká, kì í ṣe Òòrùn wa. Mo béèrè iye tó rà á. Nígbà tó dá mi lóhùn, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo lọ mu omi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi awò ínǹṣì 8 ṣọ́ àwọn plánẹ́ẹ̀tì yìí lórí dẹ́kìn ilé wa n'Íbàdàn, owó tí mo sì fi jóná kí n tó gbọ́n kò kéré. Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀.

Mi ò ní ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ máa ń dín bí plánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń kà á dé ibí ti mọ ìyẹn.

1. Ríra awò ràgàjì. Àwọn tó ṣàwárí àwọn plánẹ́ẹ̀tì bíi WASP-12b, WASP-18b àti WASP-121b, lẹ́ńsì kámẹ́rà Canon ni wọ́n lò, tí ẹnu rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ní La Palma àti ní Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà. Ti KELT, ẹgbẹ́ awò mìíràn tó rí KELT-9b, tilẹ̀ kéré sí i, sẹ̀ǹtímítà 4.2 péré. Ẹsẹ̀ tó ń gbé awò yí tẹ̀ lé ìràwọ̀ ni kẹ́ ẹ náwó lé. Awò ńlá lórí ẹsẹ̀ jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, bí ológbò bá fò lórí dẹ́kìn, iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́.

2. Kámẹ́rà aláwọ̀ mèremère. Ẹ ra èyí tó ń ya dúdú òun funfun. Ó parí.

3. Ríretí pé ẹ máa rí afẹ́fẹ́ tó yí plánẹ́ẹ̀tì ká. Lóòótọ́ ni ojú ọ̀sán KELT-9b gbóná tó nǹkan bíi 4,600 K (kelvin, ìwọ̀n ooru), ooru tó ju ti ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ lọ, tó ń fọ́ hydrogen sí wẹ́wẹ́, tí omi ò sì lè dúró bí omi níbẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n rí irin àti titanium níbẹ̀ ní 2018. Ṣùgbọ́n awò tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ju mítà 3 àtààbọ̀ lọ ni wọ́n lò, pẹ̀lú HARPS-N, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́. KELT-9b máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún, WASP-12b ní nǹkan bí 1.4. Ipa ti afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ nínú ìyẹn kò ju ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Awò tèmi, lálẹ́ tó dára jù, máa ń ṣi ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ta dígí òṣùmàrè fún yín pé ẹ máa fi rí irin, owó yín ló rí.

Ohun tí awò kékeré lè ṣe ni pé kó sọ ìgbà tí plánẹ́ẹ̀tì kọjá gan-an. Àwọn tó ní awò ńlá nílò rẹ̀, torí bí wọ́n bá yí awò síbẹ̀ lákòókò tí kò bá a mu, wákàtí olówó iyebíye ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ExoClock, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tó ń ṣọ́ àkókò ìkọjá, fi ń gba àkókò lọ́wọ́ irú àwa yìí sílẹ̀ de Ariel, awò tí wọ́n fẹ́ rán lọ sójú òfúrufú.

4. Aago. Ẹ jókòó, ibí ni inú ti ń bí mi jù.

WASP-12b ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká ní nǹkan bí ọjọ́ 1.09, ó sì ń rọra já bọ̀ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé lọ́dọọdún, àkókò ìyípo kan ń fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 29 kúrú sí i. Ìpajú lásán gùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ń kọjá ju ìgbà 330 lọ lọ́dún, díẹ̀díẹ̀ yẹn sì ń gun orí ara wọn. Tí ọdún 10 bá fi máa pé, ó ti yá ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8.

Ó dáa. Lóṣù Kejìlá ọdún kan, nígbà tí mo rò pé mo ti gbọ́n tán, mo ṣọ́ ọ di aago mẹ́rin ìdájí. Ọyẹ́ ti la ètè mi, eruku ti bo dígí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo. Mo ya gráàfù: àárín ìkọjá náà ti ṣáájú àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 9 àtààbọ̀. Mo jí ìyàwó mi. Mo ní plánẹ́ẹ̀tì kan ń kú, èmi ni mo rí i. Ó ní ṣé mo ti pa iná dẹ́kìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti kọ ọ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Aago wo lo lò?” Mo ní, ẹ̀gbọ́n, aago wo tún ni? Aago ni aago.

Àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀, BJD ni, ìyẹn bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń ka ọjọ́, ní ìwọ̀n TDB, aago tí wọ́n fi ń ṣírò ìrìn àwọn plánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà máa dé àárín gbùngbùn ìdílé Òòrùn ló ń sọ, kì í ṣe ìgbà tó máa dé Ìbàdàn. Lóṣù Kejìlá, apá ibi tí WASP-12 wà ni Ayé máa ń wà, torí náà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kàn wá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kó tó dé àárín. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 69 tó wà láàárín UTC (aago àgbáyé tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tẹ̀ lé) àti TDB kún un. Ìṣẹ́jú 9 lé. Àwárí mi ti tán.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé lóṣù Kẹfà, tí àṣìṣe yẹn ìbá yí padà kó jọ pé plánẹ́ẹ̀tì pẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ yẹn ni Òòrùn wà, ẹ ò lè rí i. Gbogbo oṣù tẹ́ ẹ lè ṣọ́ ọ dáadáa, ibì kan náà ni irọ́ yìí ń tì yín sí: ó yá, ó yá, ó yá. Bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

AstroImageJ, ètò kọ̀ǹpútà kan, máa yí i sí BJD fún yín, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún un ló máa gbàgbọ́. Bí kámẹ́rà bá kọ ìgbà tí fọ́tò bẹ̀rẹ̀, tí fọ́tò sì gba ìṣẹ́jú 2, ẹ ti ṣi ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fi aago Nàìjíríà sílẹ̀ pé UTC ni, wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ìgbà kan, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, ọdún tó bá wù ú ló máa ń pè.

Nọ́ńbà ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Kíkó ẹrù sílé bí ìkọjá ṣe parí. Ẹ dúró sí i, ó kéré tán wákàtí kan ṣáájú àti lẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí lẹ fẹ́ fi wé?

WASP-33b ní tirẹ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ló fà á: mo gbé e láti ẹ̀yìnkùlé lọ sí ẹnu géètì, mo tún gbé e padà, kí n tó kà nípa rẹ̀.

Ẹ má pariwo pé plánẹ́ẹ̀tì ń já bọ̀ torí pé ó yá. Ní 2019 wọ́n rí i pé WASP-4b fi ìṣẹ́jú àáyá bí 82 ṣáájú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn kan náà ní ó lè jẹ́ pé ìràwọ̀ rẹ̀ ló túbọ̀ ń yára bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má sì sanwó fún ẹni tó ń ta orúkọ plánẹ́ẹ̀tì. International Astronomical Union, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, kì í tà á. Nígbà tí wọ́n fún Nàìjíríà ní ìràwọ̀ HD 43197 àti plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti sọ lórúkọ ní 2019, Amadioha ni ìràwọ̀ náà ń jẹ́, Equiano ni plánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bi mí ìdí tí kì í fi í ṣe Ṣàngó.

Àbúrò aláwò ràgàjì yẹn ti fèsì báyìí. Mo ti sọ fún un pé àsìkò òjò gan-an ni ìràwọ̀ KELT-9 máa ń wà lókè wa lálẹ́, pé kó ṣì fi aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ wé ti fóònù ná. Ó ní ìṣẹ́jú 4 ló fi yàtọ̀. Ó ní ṣé ìyẹn náà ṣe pàtàkì ni?