Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tọkọtaya ní Etíkun Kuta àti Ọgbà Omi

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d. Ẹni tó bá gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn dé Bali, erékùṣù kan ní Indonesia, ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba físà, ó mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ṣe mímu, ó sì ti san 150,000 rúpíà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan láti oṣù kejì ọdún 2024. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí àwọn tọkọtaya ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n á sun yàrá olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á máa jẹ nasi goreng (ìrẹsì díndín) ní warung, ìyẹn búkà ẹ̀bá títì, kówó má baà tán, wọ́n á wá ya ọjọ́ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún ìgbádùn: etíkun Kuta àti ọgbà omi. Ọjọ́ kan yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ti ń ṣọ́ ná yóò bá lọ. Èmi ni mo máa ń mú wọn kiri, ojú mi ló ń rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kó má di àìsàn sí mi lára.

1. Etíkun láàárọ̀, ọgbà omi lọ́sàn-án

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á jí, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ fojú kan òkun. Wọ́n á lọ jókòó sórí iyanrìn títí aago kan yóò fi lù, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọgbà omi. Waterbom, ọgbà omi tí mò ń sọ, tó ti wà ní títì Jalan Kartika Plaza láti ọdún 1993, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń ṣí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń tì. Tíkẹ́ẹ̀tì odidi ọjọ́ ni ẹ ó rà. Ẹni tó wọlé ní aago méjì ra wákàtí mẹ́sàn-án, mẹ́rin ló lò, orí ìlà ló sì máa lo èyí tó pọ̀ nínú mẹ́rin náà, torí ọ̀sán ni èrò máa ń kún ìdí àtẹ̀gùn síláìdì Climax àti Boomerang. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí láàárọ̀, ẹ lè yọ̀ láti òkè síláìdì kan dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà gun ún kí omi tó gbẹ lára yín.

Kò tán síbẹ̀. Lásìkò òjò, ọ̀sán ni òjò sábà máa ń rọ̀, tí mànàmáná bá sì ti ń kọ, wọ́n á dá àwọn síláìdì gíga dúró. Etíkun Kuta ní tiẹ̀, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹwà rẹ̀ ń jáde, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lórí omi. Ọ̀fẹ́ sì ni. Ibi tẹ́ ẹ sanwó fún, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ibi ọ̀fẹ́, ẹ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi gbó. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà," wọ́n á sì gba etíkun lọ.

2. Wọn kì í wo kàlẹ́ńdà

Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn máa ń gbá ìdọ̀tí inú òkun wá sí etíkun Kuta, Legian àti Jimbaran: ọ̀rá, ike omi, igi jíjẹrà. Wọ́n á fi katakata kó o láàárọ̀, òkun á tún da òmíràn sílẹ̀. Ẹni tó bá wá nígbà yẹn, kó gba etíkun Sanur lọ ní ìlà oòrùn, níbi tí òkúta iyùn ti ń dá ìgbì dúró kó tó dé ẹsẹ̀ ènìyàn. Àmọ́ kó bèèrè ìgbà tí omi máa fà sẹ́yìn kó tó lọ, torí tí omi Sanur bá ti fà, orókún ló máa mu yín, ẹ ò ní rí ibi lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ sì wo ọjọ́ Nyepi. Ọjọ́ ọdún tuntun àwọn ará Bali ni, ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní 2025, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ló bọ́ sí. Ní 2026, ọjọ́ 19. Fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹnikẹ́ni kì í jáde, àlejò pẹ̀lú ò gbọdọ̀ jáde, pápákọ̀ òfurufú gan-an máa ń tì. Àwọn pecalang, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ìbílẹ̀, ló máa ń wà lójú títì. Tọkọtaya kan fi ọgbà omi sí ọjọ́ yẹn gan-an nínú ètò wọn. Àjà yàrá ni wọ́n wò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

3. Ẹnì kan ń yọ̀ lórí síláìdì, ẹnì kan ń ṣọ́ báàgì

Níbí yìí, ẹ fàyè gbà mí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìyàwó jókòó sí etí àga gbọọrọ kan. Ó fi okùn báàgì méjèèjì lọ́ kókósẹ̀, ó kó fóònù méjì sórí itan, bàtà ọkọ wà lábẹ́ àga, ó sì fi ìdí tẹ ọ̀rá kan tí ìwé ìrìnnà wọn wà nínú rẹ̀. Ọkọ á dé, omi á máa kán tótó lára rẹ̀, á ní, "Ó dùn gan-an! Ó yẹ kó o gbìyànjú ẹ̀!" Ìyàwó á wò ó láìsọ̀rọ̀. Ọkọ á mu omi, á tún sáré lọ. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta, ọkọ ti rẹ̀, ó wá ní kó bọ́ sí tiẹ̀. Ìyàwó ní kò wu òun mọ́. Ó parọ́, ó wù ú, inú ló ń bí i. Ìjà wọn dé ibi oúnjẹ alẹ́, èmi ni wọ́n sì fi ṣe adájọ́.

Mo bi ọkọ pé kí ló dé tí wọn ò fi gba lọ́kà, àpótí oníkọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ó ní lọ́kà ti wọ́n jù. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó lọ́kà ò tó ohun tá a lè fi wé owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan. Ọ̀gbẹ́ni yìí san odidi tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó rẹ̀ kó lè wọlé wá ṣe mègádì. Mègádì níbi gbogbo, owó ni wọ́n ń san fún un. Tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí tó ń sanwó wọlé síbi iṣẹ́.

Kì í sì í ṣe àwọn ọkùnrin nìkan o. Mo ti rí ìyàwó tó sáré láti síláìdì dé síláìdì, tí ọkọ ń tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, tó gbé báàgì kọ́ iwájú, tó gbé òmíràn kọ́ ẹ̀yìn, tí fóònù wà lọ́wọ́ tó ń ya fídíò. Fídíò náà ò tiẹ̀ dára. Ẹ̀yìn orí àlejò mìíràn ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ò le. Ẹ fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dé sí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ gba lọ́kà kan fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má kó owó wọ inú omi, torí ọrùn ọwọ́ ni wọ́n máa de owó mọ́ fún yín: wọ́n á fún yín ní okùn kan tí wọ́n ń kó owó sí, ẹ ó máa fi ra oúnjẹ nínú ọgbà. Ẹ kó ìwọ̀nba sí i, kẹ́ ẹ sì gba èyí tó bá kù kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ wá bọ́ sínú omi, ẹ̀yin méjèèjì.

Tí ẹnì kan nínú yín bá bẹ̀rù ibi gíga, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ní orí àtẹ̀gùn. Lazy River wà níbẹ̀, odò tó rọra ń ṣàn yí ọgbà po, ẹ ó kàn sùn sórí táyà rọ́bà ni. Èmi tí mò ń jágbe mọ́ yín yìí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí mi. Climax, inú àpótí ni wọ́n ti máa ń ní kí ènìyàn dúró, ilẹ̀ á sì ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ìdí rẹ̀ ni mo máa ń rántí pé ẹnì kan ń retí ìpè mi. Ìyàwó mi ló ń gun ún. Àmọ́ báàgì wa wà nínú lọ́kà, ẹ̀rín rẹ̀ ló kàn ń tẹ̀ lé mi lórí omi. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kan omi rárá, kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kó jókòó sí Kuta, kó mu omi àgbọn, kẹ́ ẹ pàdé nírọ̀lẹ́. Kò sí òfin tó ní kí tọkọtaya so ara wọn pọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

4. Ṣòkòtò jíǹsì gígé, tàbí èyí tó ní síìpù àti bọ́tìnnì irin

Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi gun síláìdì, torí irin máa ń ha á, ẹ ó sì ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù ọgbà ní iye tí kò wù yín.

5. Òrùka

Ìka máa ń súnkì nínú omi tútù. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ fi sí lọ́kà. Odò Lazy River kì í dá a padà, òkun ò sì mọ ẹni tó ni ín.

Ọ̀rá fóònù tẹ́ ẹ rà létíkun, ẹ kọ́kọ́ fi bébà ìnujú sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ rì í bọ omi nínú bẹ́sìnì. Tí bébà bá tutù, fóònù náà á tutù.

Awọ dúdú kì í ṣe agboòrùn. Mo ń sọ ọ́ torí àwa gan-an la máa ń rẹ́rìn-ín sí àwọn òyìnbó tó pọ́n bí edé. Nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́jọ péré ni Bali fi wà nísàlẹ̀ agbede-méjì ayé, oòrùn aago méjìlá ibẹ̀ á bó èjìká yín bó ti wù kẹ́ ẹ dúdú tó. Ẹ fi ìpara oòrùn pa ara, kẹ́ ẹ tún un pa ní wákàtí méjì méjì, torí omi ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ó ku ti owó ṣíṣẹ́, mo fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kọ̀rọ̀ kan ní Kuta tí wọ́n gbé pátákó síta pé àwọn ń ṣẹ́ dọ́là ní iye tó ju ti báǹkì lọ. Ẹni tó ń fún yín ní ju iye ọjà lọ, níbo ló ti ń rí èrè tiẹ̀? Ọgọ́rùn-ún dọ́là á ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ rúpíà lọ. Owó bébà tó tóbi jù níbẹ̀ ni 100,000, ṣùgbọ́n 20,000 ni ọ̀gá yìí máa fi san án, kí ìdì náà lè pọ̀. Á kà á síwájú yín, ẹ̀yin náà á kà á, á pé. Ìgbà náà ló máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Á gbá a jọ, á fi etí rẹ̀ gbá tábìlì kó lè dọ́gba, níbi tó ti ń gbá a yẹn ni díẹ̀ ti ń já bọ́ sórí itan rẹ̀ lẹ́yìn tábìlì. Á wá fi ẹ̀rín gbé ìyókù lé yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ yín ló kan owó náà kẹ́yìn. Tó bá ti tún fọwọ́ kàn án, ẹ tún kà á níwájú rẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ kúkú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ìwé àṣẹ Bank Indonesia, báǹkì àpapọ̀ ibẹ̀, lára ògiri. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ATM lẹ fẹ́ lò, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ máa ń pọ owó kó tó pọ káàdì. Àìmọye tọkọtaya ló ti kó owó, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá dé etíkun nírọ̀lẹ́, ẹ wo àsíá. Àárín àsíá pupa-òun-yẹ́lò ni àwọn Balawista, àwọn tó ń yọ ènìyàn nínú òkun, ti ń ṣọ́ yín. Àsíá pupa nìkan, ẹ má wọ̀ ọ́. Ibi tó máa ń tan àwọn olólùfẹ́ jẹ ni ibi tí ìgbì ò ti ń fọ́, tó dà bíi pé ó parọ́rọ́, tó sì dára fún fọ́tò. Níbẹ̀ gan-an ni omi ti ń padà sínú agbami, tó sì ń fa ènìyàn lọ. Tó bá mú yín, ẹ má bá a jà pé ẹ fẹ́ kojú sí ilẹ̀. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ fi han àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé òun mọ omi, orí pátákó ìgbì àwọn Balawista ló fi padà wálé. Àfẹ́sọ́nà náà ló di bàtà rẹ̀ mú.

Ẹ bèèrè owó àga kẹ́ ẹ tó jókòó sórí rẹ̀.

Láàlì dúdú tí wọ́n ń kùn síni lára létíkun, ẹ yẹra fún un, kẹ́míkà inú rẹ̀ lè jó awọ.

Arak, ọtí ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí ẹ ò mọ ẹni tó pọn ọ́n, ẹ má mu ún. Mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ayédèrú rẹ̀ ti pa àlejò níbẹ̀.

Ọ̀kadà láìní láìsẹ́ńsì ọ̀kadà tó ká gbogbo àgbáyé? Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó ṣòro kí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó san kọ́bọ̀.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo èyí sí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ bàálù, torí pé pápákọ̀ òfurufú Ngurah Rai ò jìnnà sí Kuta. Ọgbọ́n ni lójú yín. Ẹ ti fi yàrá sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbé báàgì tó ga ju ìbàdí lọ dé ọgbà omi, kò wọ lọ́kà, ẹnì kan nínú yín sì ti padà di mègádì. Ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ sùn. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò ibẹ̀ ló máa ń bá ènìyàn tọ́jú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá bèèrè. Ẹ má wo bí ọ̀nà ṣe kúrú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kuta nírọ̀lẹ́ ò mọ ẹni tó ń lọ wọ bàálù, torí náà ẹ kúrò létíkun kó tó ṣú pátápátá. Aṣọ tútù, ẹ fún un, kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó wà lókè báàgì, kì í ṣe nísàlẹ̀. Kí ẹ sì wẹ̀ nínú ọgbà kẹ́ ẹ tó jáde, kì í ṣe ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pápákọ̀ pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀. Omi ìwẹ̀ ọgbà ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì yín.