Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Fún Ẹni Tí Ó Bá Dá Rìn Lórí Òkè ní Swítsàlandì

Ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí fún ẹlẹ́sẹ̀ ní Swítsàlandì gùn tó nǹkan bí 65,000 kìlómítà lápapọ̀. Ó la àárín oko, etí adágún, inú igbó àti orí òkè Alps kọjá, pátákó aláwọ̀ ìyeyè sì wà ní àwọn oríta láti tọ́ka ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan já sí. Ètò náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ fi lè sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní àárọ̀, kí ó dá rìn títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì tún wọ ọkọ̀ padà sí ilé ìtura rẹ̀ láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo fẹ́ràn irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gidigidi, mo sì máa ń rọ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n bá ń lọ sí ìhà ibẹ̀ pé kí wọ́n dán an wò. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ètò dáadáa yìí gan-an ni ó ń mú kí àlejò dẹ́kun ìrònú. Ojú ọ̀nà ni wọ́n tún ṣe; òkè fúnra rẹ̀ ṣì wà bí ó ṣe wà, ẹni tí ó bá sì dá rìn kò ní ẹnìkejì tí yóò fà á lọ́wọ́ pé kí ó dúró.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó léwu jù lọ ni kí ènìyàn máa rò pé bákan náà ni gbogbo ọ̀nà tí ó bá ti ní àmì. Ṣóńṣó pátákó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí pátákó bá jẹ́ ìyeyè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀nà ìrìn lásán ni, ẹni tí ara rẹ̀ dá lè tọ̀ ọ́ láìfòyà. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá ní àwọ̀ funfun, pupa àti funfun, ọ̀nà òkè ni: ó lè há, ó lè ga fíofío, ọ̀gbun sì lè wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí yóò gbà á ní ẹsẹ̀ tí ó dúró ṣinṣin, kí òòyì má sì máa kọ́ ọ bí ó bá wo ìsàlẹ̀. Èyí tí ó ní àmì funfun, búlúù àti funfun kò sí fún ẹni tí ó ń dá rìn tí kò tíì mọ òkè rárá, torí pé ó lè gba orí yìnyín ayérayé tàbí ibi tí a ti ń fi ọwọ́ gun àpáta.

Ẹ jẹ́ kí n fi Alpstein ní agbègbè Appenzell ṣe àpẹẹrẹ. Rélùwéè parí sí Wasserauen, tí ó ga ní 868 mítà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà fífẹ̀ tí ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ ń gbà gòkè lọ sí adágún Seealpsee, ní 1,141 mítà. Ó máa ń mú ènìyàn làágùn, ṣùgbọ́n kò nira láti tọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í gba ibẹ̀. Wọ́n ti rí àwòrán ilé oúnjẹ Aescher, tí wọ́n kọ́ mọ́ ara àpáta ńlá, lórí fóònù wọn, nítorí náà wọn a wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ sí Ebenalp lókè pátápátá, wọn a gba inú ihò Wildkirchli dé Aescher, wọn a sì pinnu láti fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí adágún tí wọ́n ń wò nísàlẹ̀. Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó há, òkúta rẹ̀ a sì máa yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ènìyàn ti já bọ́ kú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ bàtà pẹlẹbẹ tí a fi ń rìn ní ìlú, tí ó tún ń fi ọwọ́ kan ya fọ́tò, kò yẹ kí ó gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kí ó padà sí ìdí ọkọ̀ orí wáyà tí ó gbé e wá. Ìsọ̀kalẹ̀ ni orúnkún ti máa ń rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkàn ènìyàn ti máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí.

Àṣìṣe kejì wà nínú ọ̀nà tí a ń gbà ka àkókò. Wákàtí àti ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kọ sára pátákó níbẹ̀, kì í ṣe iye kìlómítà, ọ̀pọ̀ sì gbà pé àkókò tí àwọn náà yóò lò gan-an nìyẹn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ fún ẹni tí ó ń rin nǹkan bí 4.2 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọn kò sì ka ìsinmi mọ́ ọn rárá. Kò sí oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀, kò sí fọ́tò, kò sí ìdúró láti mí. Bí pátákó bá sọ pé wákàtí mẹ́rin, ẹni tí kò rin òkè rí yóò ṣe dáadáa láti ya wákàtí mẹ́fà sọ́tọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo aago tí ọkọ̀ orí wáyà tàbí bọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn yóò gbéra, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í pẹ́ kọjá aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ àkókò tí ẹ óò fi rìn dé ìdí ọkọ̀ náà, pẹ̀lú àfikún rẹ̀, kúrò nínú aago yẹn, ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ gbọ́dọ̀ yí padà sílẹ̀, yálà ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ tàbí ẹ kò tíì dé. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń lọ lè jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó dá wà gbọ́dọ̀ ti bá ara rẹ̀ parí rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ní oṣù kẹrin àti oṣù kọkànlá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí wáyà kì í ṣiṣẹ́ rárá nítorí pé wọ́n ń tún wọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà so mọ́ èyí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn lè ràn ganrínganrín ní àárọ̀, kí àrá sì bẹ̀rẹ̀ sí sán lẹ́yìn ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi máa ń tètè jáde. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ìkùukùu bá ti ń ga sókè tí ó sì ń dúdú, ẹ kúrò ní orí òkè, ẹ jìnnà sí igi tí ó dá dúró àti sí wáyà irin tí wọ́n so mọ́ àpáta fún ìdìmú. Ẹ má ṣe fi ooru ìsàlẹ̀ mọ bí òkè ṣe rí: fún 1,000 mítà tí ẹ bá gùn, ooru a máa dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ẹ̀wù òjò àti ẹ̀wù òtútù gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ní oṣù keje pàápàá. Òjò dídì tún lè wà lójú ọ̀nà tí ó ga títí wọ oṣù kẹfà, nígbà mìíràn títí wọ oṣù keje. Bí ó bá ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ lórí ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́, ẹ padà, nítorí pé ẹni tí ó bá yọ̀ lórí rẹ̀ kì í rí ibi dúró.

Ó lè ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu pé mo ka màlúù mọ́ ewu. Àwa tí a dàgbà sí ibi tí darandaran ti máa ń wà pẹ̀lú ẹran rẹ̀, tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í bìkítà fún màlúù tí ó bá ń kọjá. Lórí òkè Alps, àárín pápá ìjẹko ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sábà máa ń gbà, kò sì sí darandaran nítòsí. Abo màlúù tí ó ń tọ́ ọmọ a máa gbèjà ọmọ náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ọmọ màlúù, ẹ má ṣe gba àárín òun àti ìyá rẹ̀ kọjá, ẹ má sì súnmọ́ wọn nítorí fọ́tò. Bí wọ́n bá dúró sójú ọ̀nà, ẹ fi jẹ́jẹ́ yà gba ibi tí ó jìnnà sí wọn. Bí abo bá ń tẹ orí ba tàbí tí ó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìkọ ẹ̀yìn sí i, ẹ má sì sáré. Níbi tí àgùntàn wà, ajá ńlá tí ń ṣọ́ wọn nítorí ìkookò lè sáré wá gbó yín. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ kí ó wò yín tẹ́rùn, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ọ̀nà tí ó yí agbo náà ká. Ẹnu ọ̀nà ọgbà tí ẹ bá ṣí, ẹ pa á dé.

Èyí tí ó kan adárìn jù lọ ni pé kí ó jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́ ní àfonífojì tí fóònù kò ti gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tí ó mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó lè pe àwọn tí yóò wá yín. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ óò parí sí àti wákàtí tí ẹ óò padà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yín, tàbí kí ẹ fún ẹni tí ó ń gba àlejò ní ilé ìtura, kí ẹ sì rí i pé ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá dé. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. 144 ni ti ọkọ̀ aláìsàn, 1414 sì ni ti Rega tí ń fi hẹlikópítà gba ènìyàn là, àmọ́ 144 ni wọ́n ń pè ní agbègbè Valais. Bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fọn fèrè tàbí kí ẹ tan iná ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tún un ṣe. Ẹ ra ìbánigbófò tí ó kan ìgbàlà lórí òkè, torí pé owó hẹlikópítà kì í ṣe kékeré.

Swítsàlandì kò sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nítorí náà ètò íntánẹ́ẹ̀tì fóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Faransé tàbí Jámánì lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí kí ó jẹ owó púpọ̀. Ẹ ti gba máàpù swisstopo, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí fóònù kí ẹ tó jáde. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba tí ó sì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì nílò físà Schengen, èyí tí Swítsàlandì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù a máa tì ní ọjọ́ Àìkú, ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Omi inú ìsun ojú ọ̀nà ṣeé mu, àyàfi tí wọ́n bá kọ “Kein Trinkwasser” tàbí “Eau non potable” sára rẹ̀.

Fún ìrìn àkọ́kọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ó ga jù. Lavaux ni èmi yóò yàn fún ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ mi: oko àjàrà tí wọ́n gbẹ́ ní ìpele ìpele lókè adágún Geneva, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní ọdún 2007. Láti St-Saphorin dé Lutry jẹ́ nǹkan bí kìlómítà mọ́kànlá, àmì ìyeyè ni ó wà níbẹ̀, rélùwéè sì ń dúró ní Rivaz, Epesses, Cully àti Villette láàárín wọn, tí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí ó bá ti rẹ̀ yín, tàbí tí òjò bá ti ká yín mọ́, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ kí ẹ sì máa lọ sílé.