Bí Ìdí Jíìpù Àtijọ́ Bá Ń Fì

Ẹ kó iṣu ní Àbájí, ẹ ń bọ̀ wá sí Gwágwàládà, eré yín ti tó 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìdí jíìpù fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró. Iwájú ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀kì méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ rà, owó yẹn sì máa ń wọgbó. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó má jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò. Òun kọ́ ló ń di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú kó má lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rọ́bà búṣì, ìyẹn rọ́bà tó ní páìpù irin nínú tí bóòtù gbà kọjá, ló ń ṣe ìyẹn.

Jíìpù tí irin kan ṣoṣo gba àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó sì jókòó lórí sípírìn tó ká bí ejò, là ń sọ: Toyota 4Runner ọdún 1996 sí 2002, Nissan Pathfinder ọdún 1996 sí 2004, àti irú wọn. Áàmù mẹ́rin, ìyẹn ọ̀pá irin, ló so irin ẹ̀yìn náà mọ́ ara ọkọ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ìkarùn-ún ni ọ̀pá ìdábùú, tí orí rẹ̀ kan wà lára ọkọ̀, tí èkejì wà lára irin ẹ̀yìn. Búṣì méjì-méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10.

Táyà àti ẹrù ṣáájú

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn, ẹ má fi fẹ́ ẹ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT lára táyà, ìgbà tí wọ́n ṣe é nìyẹn: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè dúdú minimini kó sì ti gbó. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó yẹ ohun mìíràn wò.

Àpò àgbàdo lórí káríà náà ń mú ọkọ̀ fì. Ẹ kó o wọ inú, kó sún mọ́ ìjókòó àárín.

Ìdánwò ẹni méjì

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta há táyà iwájú. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi bọ́ńpà ẹ̀yìn, kó máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì máa fà á padà. Kí ẹnì kejì dùbúlẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó tẹjú mọ́ orí ọ̀pá ìdábùú méjèèjì. Bóòtù yẹ kó dúró gbọin láàárín rọ́bà. Bí ó bá ń lọ ń bọ̀ tó sì ń ró kọ́, kọ́, búṣì ti kú. Ẹ nu erùpẹ̀ pupa ibẹ̀ kúrò. Bí irin abẹ́ rẹ̀ bá ń dán bí owó ẹyọ tuntun, tí rọ́bà lílọ̀ dúdú sì yí i ká, ibẹ̀ ló ti ń rìn.

Ẹ yẹ ihò bóòtù wò pẹ̀lú. Bóòtù tó ti tú fún ìgbà pípẹ́ máa ń jẹ ihò náà títí yóò fi gùn bí ẹyin, búṣì tuntun kò sì lè wo ìyẹn sàn. Jórinjórin ni yóò jó wásà tó nípọn mọ́ ọn. Ẹ tú orí bátìrì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí iná má sì dé itòsí táńkì epo àti páìpù bíréèkì.

Bí ọkọ̀ bá ń yà nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, tó sì tọ́ nígbà tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, áàmù ìsàlẹ̀ ni. Lára Pathfinder, àwọn yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ inú kọ́nà nìkan ló ti ń tẹ̀, ẹ wo lìńkéèjì sìtábíláísà, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó so mọ́ irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ ní kọ́nà. Bí ó bá ń fò lẹ́yìn gálọ́ọ̀pù, nígbà yẹn ni kí ẹ dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi.

Pípààrọ̀

Ẹ má gba búṣì tí wọ́n gé lára táyà. Ó le, kì í lọ́ bó ṣe yẹ, bóòtù ló sì máa ń jẹ. Ẹ fi ìdúró irin sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé síbẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì sì máa ń fọ́ lójijì, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ tú ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tú áàmù méjì pọ̀, irin ẹ̀yìn á yí, ihò kò ní bára mu mọ́. Kí búṣì àtijọ́ tó jáde, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé sàmì sí bó ṣe kọjú, nítorí òmíràn ní ihò nínú rọ́bà, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni kí wọ́n fi tì í wọlé. Ẹ lè rí i ní abúlé mẹkáníìkì Àpò, ní Àbújá. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi mú un yọ̀. Epo ẹ́ńjìnnì àti gíríìsì máa ń mú rọ́bà wú.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù lọ nìyí: wọ́n á mú bóòtù le nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bóòtù ló ń dè páìpù inú búṣì mọ́lẹ̀, rọ́bà ló sì ń lọ́ bí áàmù ṣe ń lọ sókè sódò. Bí ẹ bá dè é nígbà tí áàmù rọ̀ sílẹ̀, tí ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà wà ní lílọ́ títí, bí aṣọ tí a fún tí a kò tú. Kò ní pẹ́ ya. Ẹ fi ọwọ́ mú nọ́ọ̀tì lásán, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, ẹ mì ín nígbà mélòó kan kó jókòó, kí ẹ tó wá mú gbogbo rẹ̀ le dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ.

Ẹ rìn ín lẹ́rù àti láìlẹ́rù. Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ tún fi súpánà kan bóòtù kọ̀ọ̀kan.