Bí mo ṣe rí máìkì gbà níbi ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, lọ́dún tó kọjá mo nawọ́ títí apá fi ń ro mí, wọn ò pè mí, àwọn olóṣèlú ló sọ̀rọ̀ tán. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti kọ lẹ́tà béèrè ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ọjọ́ 7 ni òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, fún wọn láti dáhùn, mo tètè débẹ̀, mo sì forúkọ sílẹ̀ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí máìkì kàn mí, mi ò kí ẹnikẹ́ni lọ títí o, mo kàn gbé fótò gọ́tà àdúgbò wa sókè, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló lẹ kọ fún eléyìí, ojú ewé wo ló wà?" Akọ̀wé ṣí ìwé títí, kò rí i. Wọ́n ní kí n mú fótò náà wá ní Mọ́ńdè.