Bí Mo Ṣe Pín Oògùn Kòkòrò Oko Kòkó Wa Sí Ẹgbẹ́ Ẹgbẹ́

Lẹ́yìn tí a ti fín kòkó lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní oko bàbá mi lẹ́bàá Oǹdó, tí kòkòrò tó ń fa omi ara èso àti ẹ̀ka tútù mu kò sì dín, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo kó gbogbo ìgò oògùn jáde láti inú àká, mo sì jókòó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn. Ìgò mẹ́sàn-án ni, orúkọ mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo pa orúkọ ọjà tì, mo wá orúkọ èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ. Mẹ́fà nínú wọn ló jẹ́ cypermethrin tàbí lambda-cyhalothrin, ẹgbẹ́ pyrethroid kan náà. Ẹgbẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tí sodium ń gbà wọ inú iṣan ìmọ̀lára kòkòrò pa dé bọ̀rọ̀, iṣan náà yóò sì máa ta láìdáwọ́ dúró títí kòkòrò yóò fi rọ. Nígbà tí a rò pé à ń pààrọ̀ oògùn, ìgò nìkan ni à ń pààrọ̀.

Ìgò méjì jẹ́ chlorpyrifos, ti ẹgbẹ́ organophosphate, èyí sì bà mí lẹ́rù. Ó máa ń so ẹ́ńsáìmù tó ń palẹ̀ acetylcholine, èròjà tí iṣan fi ń ránṣẹ́, mọ́ lẹ́yìn tí iṣan bá ti jíṣẹ́ tán, ẹ́ńsáìmù yìí sì wà lára ènìyàn náà. Mo rántí ọdún tí bàbá mi ti oko ìfín dé, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, tí wọn kò sì lè mí dáadáa. Ọ̀nà kan náà ni carbamate, ẹgbẹ́ mìíràn tí kò sí nínú ìgò wa, ń gbà ṣiṣẹ́, àmọ́ òun tètè máa ń tú ẹ́ńsáìmù náà sílẹ̀.

Imidacloprid ni ìgò tó kù, ti ẹgbẹ́ neonicotinoid. Ó máa ń jókòó sí àyè acetylcholine lára iṣan, ó sì máa ń bá omi ara igi rìn, àmọ́ ewu ńlá ni fún kòkòrò oyin.

Bàbá mi bèèrè pé Gammalin 20 ayé àtijọ́ ńkọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lindane ló wà nínú rẹ̀, ti ẹgbẹ́ organochlorine, tí kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, tó sì ń kó jọ sínú ọ̀rá ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á ní 2009 mọ́ èròjà tí àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí èròjà olóró tí kì í tètè jẹrà, fẹ́ fòpin sí.

Mo fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tí IRAC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí bí oògùn kò ṣe ní mọ́ kòkòrò lára, fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ara ìgò: 3A fún pyrethroid, 1B fún organophosphate, 4A fún neonicotinoid. Bí a bá ti fín 3A, nọ́ńbà mìíràn ni yóò tẹ̀ lé e kí oògùn ẹgbẹ́ kan má bàa mọ́ kòkòrò lára, mo sì ti ya 1B sọ́tọ̀ sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.